Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó jẹ́ pé orí àpótí ni mo máa ń gùn kí n tó lè yọjú lójú fèrèsé yàrá wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, wọ́n ṣẹ̀ mí. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́fà ni. Mo kà wọ́n nígbà náà, mo sì lè kà wọ́n fún yín lónìí láìfi ọ̀kan pè méjì. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹ dàgbà ní Sùúrùlérè tàbí ní Mùṣin láyé ìgbà tí a ń to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ omi láti ìdájí, ẹ mọ̀ pé ọmọdé kì í pẹjọ́ nígbà náà. Bí àgbà bá ṣẹ̀ ọ́, ńṣe ni wàá gbé e mì bí ẹni gbé oògùn ibà mì, wàá sì tún sọ pé ẹ ṣé. Èmi ò gbé tèmi mì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé oníyàrá mẹ́wàá là ń gbé, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Òórùn ilé yẹn kò tíì kúrò nímú mi: kẹrosíìnì inú sítóòfù, ẹ̀wà tó ń jóná díẹ̀díẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ, àti gúlúù tó máa ń wà lára aṣọ iṣẹ́ bàbá mi. Ìjókòó mọ́tò ni bàbá mi ń rán ní Pápá Àjàó. Bí ìjókòó mọ́tò rẹ bá ti ya, tí fóòmù ń yọjú bí ìfun ẹran, wọn óò tú u palẹ̀, wọn óò rán an padà, wàá sì rò pé ẹnikẹ́ni kò fìdí kàn án rí. Abẹ́rẹ́ ti gún àtàǹpàkò wọn títí ó fi le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fi gbá ọ létí, o mọ̀ pé oníṣẹ́ ọwọ́ ló gbá ọ.

Ní Sátidé, èmi ni mo ń fọ abọ́, ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé sì ń pọnmi. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ̀rọ̀ wàá rò pé ọgbọ̀n ọdún ni. Bí iṣẹ́ bá parí, a óò fi èédú ya súwè sílẹ̀ àgbàlá, a óò máa fò ó títí Káyọ̀dé yóò fi yan ọ̀kan nínú wa jẹ. Èmi ni mo máa ń pariwo, nítorí náà èmi ni mo máa ń kúnlẹ̀ tí mo ń kọjú sógiri, ọwọ́ méjèèjì lókè. Màmá mi a ní, ògiri kò lẹ́nu, kí n bá a dákẹ́. Mo ti bá ògiri yẹn dákẹ́ débi pé mo mọ ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, mo mọ èyí tó rí bí ewúrẹ́ nínú wọn, mo mọ èyí tó rí bí etí.

Ìwé kẹrin ni mo wà nígbà tí mọ́tò onísinimá wá sí ilé-ìwé wa. Ilé-iṣẹ́ epo bẹntiróò kan ló rán wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe pé mo ti dárí jì wọ́n. Wọ́n fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn lọ́sàn-án gangan, ooru sì sè wá bí ẹni wà nínú ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀rọ sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í ké tàkàtàkà bí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi, àwòrán sì yọ lára aṣọ funfun. Sinimá ọ̀hún ti gbó ju tíṣà wa lọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ń já wálẹ̀ lójú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, àwa ọmọ ìwé kẹrin sì gbà pé òjò ló ń rọ̀ ní ìlú òyìnbó. Ó kàn yà wá lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó gbé agboòrùn.

Ìdílé kan ló ń rìnrìnàjò nínú rẹ̀. Bàbá dé fìlà, màmá so ìborùn, ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, àti ajá. Mọ́tò wọn gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Ọkùnrin kan tí a kò rí ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà wa sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa: bàbá ń yẹ táyà wò, màmá ń di oúnjẹ, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jà. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dúró ra epo, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà. Mo kà á. Títí dòní n kò mọ ibi tí mọ́tò yẹn ń da epo sí.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn ni mo ń wò. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ́yìn ló jókòó sí, ó tẹ́ máàpù sórí itan. Bàbá rẹ̀ a béèrè láìyíjú padà pé, “Kí lo rí lápá òsì?” Ọmọ náà a ní òun rí odò. Lẹ́yìn náà ó ní òun rí afárá. Lẹ́yìn náà ó rí màlúù mẹ́ta, bàbá rẹ̀ sì ní, “O ṣé.” Bàbá kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó rí màlúù! Ní ilé tiwa, bí o bá rí màlúù, wọn óò ní kí o kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè kan báyìí, okùn sinimá já. Wọ́n so ó títí, kò ṣeé so. Bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò mọ ibi tí àwọn ènìyàn yẹn ń lọ.

Wọ́n fún wa ní ìwé pélébé kọ̀ọ̀kan kí a tó jáde, aláwọ̀ yẹ́lò, ohun mẹ́wàá tí ìdílé gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó gbéra ló wà nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àyè wà fún bàbá láti fọwọ́ sí. Mo há ìwé yẹn sórí bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí bàbá mi bá ń ka ìwé ìròyìn wọn, èmi a to àpótí sílẹ̀ bíi mọ́tò, màá fi àbúrò mi kékeré Títí ṣe ajá, màá sì máa ṣe bàbá, màá máa ṣe ọmọ: “Kí lo rí lápá òsì?” “Mo rí odò, sà.” Bàbá mi a kàn ṣí ojú ewé mìíràn. Mo gbà pé wọn kò gbọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ìrìnàjò fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ ni ìyá bàbá mi ní Iléṣà. N kò rí wọn rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ilé dé ni yóò wò mí lójú, yóò ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá Iléṣà rèé, èéjì ẹnu wọn gan-an nìyí.” Ìyá Iléṣà náà sì ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú ẹni tó jọ òun wá kí òun rí i. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ ọdún mẹ́wàá pé ojú òun wà níbì kan, lára ẹlòmíràn, òun kò sì tíì rí i.

Lọ́dún yẹn ni bàbá mi ra mọ́tò, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ìkarahun. Wọ́n ní Àjíǹde la máa lọ sí Iléṣà. Mo mú ìwé pélébé mi lọ bá wọn níbi iṣẹ́, wọ́n há abẹ́rẹ́ sẹ́nu, wọ́n gba bíròó, wọ́n fọwọ́ sí i láìkà á. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Láìkà á. Wọ́n sì tún ṣe ohun kan tí n kò lè gbàgbé. Wọ́n tú ìjókòó ẹ̀yìn Ìjàpá, wọ́n rán an lákọ̀tun, wọ́n wá bi mí pé òwú àwọ̀ wo ni kí àwọn fi rán ibi tèmi. Mo ní yẹ́lò. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá òsì, òwú yẹ́lò yí i ká. Èmi nìkan ni mo ní òwú yẹ́lò.

Mo mú ìwé náà ní ọ̀kúnkúndùn. Ó ní kí a bu omi sí ẹ́ńjìnnì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì dé iwájú mọ́tò, mo ṣí i, mo bá ihò òfìfo pẹ̀lú táyà kan ṣoṣo. Mo sáré wọlé pé olè ti jí ẹ́ńjìnnì wa. Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Bàbá mi ló fà mí lọ́wọ́ yí ẹ̀yìn, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì hàn mí níbẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé pé Ìjàpá kì í mumi, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Mo ya máàpù tèmi láti inú ìwé ilé-ìwé: Èkó, Ṣágámù, Ìbàdàn, Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, Iléṣà. Mo fi ṣúgà àti omi lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kó má baà ká. Àwọn èèrà ló jẹ apá kan Ìbàdàn.

Ó wá ku nọ́ńbà keje. Nọ́ńbà keje ní, ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, kí wọ́n lè bá yín ṣọ́ ilé.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ní ilé tiwa, a kì í dárúkọ ọjọ́ ìrìnàjò. Màmá mi a fi aṣọ fífọ̀ bo báàgì mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lọ sídìí ìlọṣọ. Bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní ibì kan ni àwọn ń yà sí. Àwa ọmọ kì í mọ̀ títí wọn óò fi jí wa wẹ̀ ní ìdájí. Ohun tí n kò mọ̀, tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ni pé nítorí pé a kì í sọ ọ́, ẹni tó bá wá dá ọjọ́ àti aago fún ọ, ó pè ọ́ ni pé kí o bá òun lọ. Kò sí ìdí mìíràn tó fi lè sọ ọ́. Àwọn òyìnbó inú sinimá kò mọ ìyẹn, tíṣà wa tó sì mọ̀ ọ́n kò mẹ́nu kàn án.

Ní Tọ́sìdeè, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo kan ilẹ̀kùn yàrá mẹ́jọ tó kù, a ní méjì. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. À ń lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́fà àárọ̀. Túsìdeè la óò dé.” Mo fẹ́ fi kún un pé kí wọ́n bá wa ṣọ́ ilé, ṣùgbọ́n inú wọn ti dùn kí n tó débẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà lé mi lórí. Lánlọ́ọ̀dù fún mi ní súwíìtì méjì. Mo rò pé sinimá ń ṣiṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ń lọ sí Gbọ̀ngán. Páálí ọṣẹ fún ìyá ẹnì kan ní Ìkirè. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n wé sínú ìwé ìròyìn. Aago ògiri tí wọ́n ní kí a má fi dùbúlẹ̀. Olúkúlùkù ń ní, Bàbá Káyọ̀dé, ẹ ṣé tí ẹ rántí wa, Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ. Màmá mi dúró láàárín ẹrù, wọ́n rọra béèrè pé, “Ta ló sọ fún wọn?” Káyọ̀dé wò mí. Àbúrò mi Títí, tí kò tíì mọ̀rọ̀ sọ, pàápàá wò mí. Mo na ìwé pélébé sí wọn, mo fi nọ́ńbà keje hàn wọ́n, mo sì fi ibi tí bàbá mi fọwọ́ sí hàn wọ́n. Màmá mi ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yíjú sí bàbá mi. Bàbá mi ní àwọn ń lọ yẹ táyà wò.

Síbẹ̀, mo ní ìjókòó mi. Ẹrù ni ẹrù, òwú yẹ́lò ni òwú yẹ́lò.

Ní Sátidé, kí aago mẹ́fà tó lù, mo gbé máàpù mi jáde. Ènìyàn ti wà nínú mọ́tò. Màmá Ìbókùn ni, arúgbó tó ń gbé yàrá tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Wọ́n ti wọ aṣọ òkè tí ojú ibi tí wọ́n ti ká a kò tíì nà láti inú àpótí, wọ́n gbé àgbébọ̀ adìẹ kan sórí itan, wọ́n sì jókòó gbágbáágbá sórí òwú yẹ́lò mi. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àkùkọ kọ.

Wọ́n kí bàbá mi, wọ́n ní, “Ọmọ yín ló wá pè mí. Mo ní, Ọlọ́run ló rán an.” Wọ́n wá sọ fún wa pé ọdún kẹsàn-án rèé tí àwọn ti délé kẹ́yìn. Ìbàdí ń dùn wọ́n, bí wọ́n bá lọ sí gáréèjì, àwọn ènìyàn a tì wọ́n ṣubú kí ọkọ̀ tó kún. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà ní Ìbókùn, nítòsí Iléṣà, kò ríran mọ́, ó ṣì máa ń béèrè wọn. Wọ́n ti ń tọrọ mọ́tò lọ́wọ́ Ọlọ́run. Adìẹ yẹn ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bàbá níwájú, wọ́n ń wakọ̀. Màmá níwájú, Títí lórí itan. Màmá Ìbókùn lẹ́yìn, apá òsì. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti aago ògiri ní àárín. Àyè ẹnì kan péré ló kù, a sì jẹ́ méjì. Ìbàdí Màmá Ìbókùn kò lè gbé ọmọ. Bàbá mi ṣí fìlà, wọ́n tún un dé. Wọ́n wo Káyọ̀dé, wọ́n wò mí. Káyọ̀dé lágbára láti ti mọ́tò bó bá kú lójú ọ̀nà.

“Fúnkẹ́,” wọ́n ní, “fún ẹ̀gbọ́n rẹ láyè.”

Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Mo gbé e jáde. Màmá mi kò wẹ̀yìn, wọ́n ní, “Ìwọ náà lo ké sí wọn,” gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbọ́. Káyọ̀dé na ọwọ́ gba máàpù lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó dorí Iléṣà kodò. Ìjàpá hó, ó gbọ̀n, ó lọ. Màmá Ìbókùn ló juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé mi.

Àǹtí Ráṣídà ni wọ́n fi mí tì, ọmọge tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa. Iṣẹ́ títẹ ìwé ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Yaba. Wọ́n din dòdò fún mi, mi ò jẹ ẹ́. Wọ́n kó ẹyin sí i, mo jẹ ẹyin. Mo sunkún dé ọ̀sán, mo ń sọ pé gbogbo wọn ló burú, gbogbo wọn ni mo máa fẹjọ́ wọn sùn. Àǹtí Ráṣídà jẹ́ kí n parí, wọ́n wá ní, “Ẹjọ́ tí kò ní ọjọ́, tí kò ní aago, àròyé lásán ni. Ta ló ṣe kí ni? Ìgbà wo? Ta ló rí i?” Wọ́n fún mi ní bíròó. Ẹ̀yin ará, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo lọ sí yunifásítì, mo sì ti gbọ́ ìwàásù lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n oríṣiríṣi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohun tó tó ìyẹn.

Ẹ̀yìn ìwé pélébé yẹn gan-an ni mo kọ ọ́ sí, mo sì darí rẹ̀ sí ọ̀gá àwọn onísinimá. Mo ní àkọ́kọ́, ìwé yín ní kí a sọ fún aládùúgbò, kò sọ ohun tí a óò ṣe bí aládùúgbò bá ní òun ń bọ̀. Ìkejì, bàbá mi fọwọ́ sí ohun tí wọn kò kà, níbi iṣẹ́ wọn, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu wọn. Ìkẹta, Màmá Ìbókùn jókòó sórí òwú tí kì í ṣe tiwọn, láago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, adìẹ ni ẹlẹ́rìí. Ìkẹrin, Káyọ̀dé gba máàpù mi, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ìkarùn-ún, màmá mi ní èmi ni mo pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìwé yín ló pè wọ́n. Ìkẹfà ni mo fi omijé bà jẹ́ díẹ̀: gbogbo wọn lọ, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé pẹ̀lẹ́.

Ní Túsìdeè, wọ́n dé pẹ̀lú iṣu, obì, àti eruku pupa. Màmá Ìbókùn sọ̀ kalẹ̀ bí ìyàwó, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn fi ọwọ́ wo ojú àwọn títí, ó ní àwọn ti rù. Káyọ̀dé ní òun rí òkè, òun rí màlúù tó ju ogún lọ. Ó wá sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ó ní bí mọ́tò ṣe dúró ni Ìyá Iléṣà jáde, tí wọ́n ń yọjú wo inú rẹ̀, tí wọ́n ń béèrè pé, “Ẹni tó jọ mí ńkọ́?” Wọ́n wo ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọn kò rí mi, wọ́n wọlé lọ ya ìró wọn sí méjì, wọ́n fi ìdajì ránṣẹ́, wọ́n ní kí n máa fi bora títí wọn óò fi mú mi wá.

Bàbá mi gbọ́ nígbà tí Káyọ̀dé ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ni mo mú ìwé ẹjọ́ mi lọ bá wọn ní Pápá Àjàó pé kí wọ́n bá mi fi sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kà á. Wọ́n ka iwájú, wọ́n ka ẹ̀yìn. Wọ́n mú ẹfun tí wọ́n fi ń sàmì sára awọ ìjókòó kí wọ́n tó gé e, wọ́n sàmì sí ìkẹfà lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n sàmì sí àkọ́kọ́, sí ìkejì, sí ìkẹrin. Wọ́n fo ìkẹta àti ìkarùn-ún. Mo béèrè pé kí ló ṣe ìkarùn-ún. Wọ́n ní àwọn náà ń gbé inú ilé yẹn, àwọn kò lè fọwọ́ sí i pé màmá mi jẹ̀bi.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi ní kí n lọ mú páálí kan kí n ya máàpù láti ilé wa dé Ìdó. Wọ́n yẹ táyà wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ ìjókòó iwájú síwájú fún mi, mo bọ́ sẹ́yìn, mo jókòó sórí òwú yẹ́lò. Káyọ̀dé sáré jáde pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ó ní òun náà ń bọ̀.

Bàbá mi wo inú mọ́tò, wọ́n wo ìjókòó iwájú tí kò sẹ́ni níbẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Ọkọ̀ ti kún,” wọ́n ní.

Mo ń ka máàpù, wọ́n ń wakọ̀. Ojúẹlẹ́gba, Yaba, Òyìngbò. Ibì kan wà tí mo ṣì wí, mo ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n sì yà, wọ́n wọ inú àdúgbò kan tó parí sára ògiri ilé onílé. Bàbá mi tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Èkó bí ẹni mọ ojú abẹ́rẹ́ rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde, wọn kò sọ pé mo ṣì í. Bí a ṣe sún mọ́ ọ̀sà, tí mo rí omi tó ń dán, wọn kò yíjú padà, wọ́n ní, “Kí lo rí lápá òsì?”

Wọ́n ti ń gbọ́ mi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn, lẹ́yìn ìwé ìròyìn yẹn, wọ́n ń gbọ́ mi. Mo ní, “Mo rí odò, sà.”

“O ṣé,” bàbá mi ní.

Ní Ìdó, a fi búrẹ́dì àti ẹja díndín sórí iwájú Ìjàpá, a ń wo rélùwéè tó ń wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti bi wọ́n léèrè ìkẹta, ìdí tí wọn kò fi ní kí Màmá Ìbókùn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n jẹ ẹja wọn tán kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, “Ẹni tó ti ń tọrọ mọ́tò láti ọdún mẹ́sàn-án, tó wá rí i, tó ti jókòó, ta ló máa ní kó dìde? Ìwọ, mọ́tò ṣì máa gbé ọ dé Iléṣà. Mo mọ̀.” Mo ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ìdáhùn.

Kérésìmesì ọdún kejì ni mo dé Iléṣà. Ìyá Iléṣà fi ìka kan èéjì mi, wọ́n fi kan tiwọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì rí ojú mi. Mo ṣì ní ìdajì ìró yẹn. Bàbá mi ti lọ báyìí, Màmá Ìbókùn ti lọ, Ìjàpá ti di irin. Ẹjọ́ ìkẹta àti ìkarùn-ún ṣì wà nílẹ̀.

Láyé òde òní, mo ní gbogbo ohun tí ìwé pélébé yẹn ní kí ènìyàn ní. Mọ́tò mi ń mumi. Ọmọ mi ní fèrèsé tirẹ̀ àti ìgbànú tirẹ̀. Máàpù ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, èèrà kò sì lè jẹ Ìbàdàn lára rẹ̀. Nọ́ńbà keje nìkan ni kò ṣeé ṣe mọ́, nítorí ojú ọ̀nà ti di ohun tí à ń bẹ̀rù, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọjọ́ tí òun ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ní tòótọ́, ilé alájà tí mò ń gbé ní Yaba yìí, èmi àti aládùúgbò mi ti fi ọdún mẹ́rin pàdé lórí àtẹ̀gùn kí a tó mọ orúkọ ara wa. Kò sẹ́ni tó ń gbé ẹrù wá. Mo máa ń wakọ̀ lọ sí Iléṣà pẹ̀lú ìjókòó òfìfo méjì, mo sì máa ń rò pé ìlọsíwájú nìyẹn.

Ní Àjíǹde tó kọjá, màmá arúgbó tó ń gbé òkè wa kí mi lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ Ifẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń dùn wọ́n. Ẹnu mi ṣí, mo gbọ́ tó ń sọ pé, à ń lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́fà àárọ̀. Màmá yẹn náà mọ ohun tí mo sọ.

Ní Sátidé, aago mẹ́fà kò tíì lù, wọ́n ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò pẹ̀lú báàgì wọn, wọ́n múra bí ẹni ń lọ ìsìn. Ọmọbìnrin mi, Tèmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ màmá yẹn ti lè rí àyè nà. Mo ní, “Tèmi, sún sáàárín.” Ó sún, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí, mo mọ ojú náà dáadáa. Mo ti bá ògiri dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ rí.

Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àpò mi, mo mú bíròó àti ìwé jáde, mo nà án sí i, mo ní kó má gbàgbé láti kọ aago.